Ihò Kan Péré Lára Nẹ́ẹ̀tì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kà á jìnnà, ẹ gbójú sókè kí ẹ wo fèrèsé yàrá yín. Ṣé nẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀? Ṣé kò lu? Bóyá ẹ máa rí ihò kan níbi tí ẹnì kan ti ki wáyà bọ̀, tàbí ibi tí èkúté ti jẹ, tí wọ́n wá fi àkísà tàbí ọ̀rá dí i. Bí ẹ bá rí i, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìtàn ni ẹ ń wò yẹn. Èmi náà kò mọ̀ pé ìtàn ni, àfìgbà tí bàbá mi gbé òòlù lé mi lọ́wọ́.

Èmi ni mo lu nẹ́ẹ̀tì pálọ̀ ilé wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Bọ́ọ̀lù ló fà á. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni, wọ́n ń gbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Kamẹrúùnù, tẹlifíṣàn wa sì ń ṣe ṣàà bí ẹni ń din àkàrà. Bàbá mi ra eríàlì tuntun, a gbé e kọ́ òpó níta, ọ̀nà tí wáyà máa gbà wọlé nìkan ló kù. Mo mú abẹ, mo gé nẹ́ẹ̀tì ní igun ìsàlẹ̀, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, àwòrán sì mọ́ kedere. Gbogbo ilé ń yìn mí. "Ọmọ yìí gbọ́n o!" Ihò náà kò ju kí àtàǹpàkò gba inú rẹ̀ kọjá lọ.

Ìyá mi nìkan ni kò yìn mí. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn lo ṣí un o, o ò kàn mọ̀ ni."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mọ́mì. Màá dí i lọ́la."

Ẹ̀yin náà kúkú mọ ọ̀la àwa ọmọ yunifásítì. Tùnísíà lé Nàìjíríà jáde pẹ̀lú góòlù kan sí òdo, ihò ṣì wà níbẹ̀. Oṣù Kejì, àwọn olùkọ́ wa dáṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ gbáko la fi wà nílé, ihò ṣì wà níbẹ̀. Èkúté bá wa fẹ̀ ẹ́. Ológbò ará ilé kejì náà fi èékánná tirẹ̀ kún un. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìkúùkù mi ti lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Àbúrò mi tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Nítorí ooru àti àìsí iná, pálọ̀ ló máa ń sùn, lábẹ́ fèrèsé yẹn gan-an, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Lálẹ́ ọjọ́ kan ara rẹ̀ gbóná. A fi omi tútù nù ún lára, a fún un ní oògùn tó wà nílé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì gbé e. Bí ẹ kò bá tíì rí ọmọ tí gìrì gbé, ẹ máa gbàdúrà kí ẹ má rí i. A sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ni wọ́n lò.

Orí bẹ́ǹṣì ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn ni mo jókòó sí mọ́jú. Ìyá kan tí ọmọ tiwọn náà wà nínú yàrá sọ fún ìyá mi pé, "Oòrùn ni o. Ẹ má jẹ́ kí ó máa ṣeré nínú oòrùn mọ́." Ìyá mi kò fèsì. Wọ́n kàn wò mí. N kò lè búra pé ihò yẹn ni ẹ̀fọn gbà wọlé. Ẹ̀fọn lè gba ẹnu ọ̀nà, ó lè gba abẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n ihò yẹn nìkan ni mo ń rí lójú mi.

Ọlọ́run ṣeun, ó yè. Nígbà tí a gbé e dé ilé, mo ń retí kí bàbá mi nà mí, àgbà tí mo dà yìí. Wọn ò nà mí. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé òòlù jáde, wọ́n ní, "Tún un ṣe." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwé padà lóṣù Kẹwàá, láíbìrì ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ ronú pé kí a na ohun tó lu jára-jàra sójú fèrèsé láti fi lé àìsàn. Ohun tí mo rí nìyí.

Asẹ́ ni bàbá nẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni o, asẹ́ bí èyí tí a fi ń sẹ́ gàárì. Ní Georgetown, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Gilbert and Bennett, wọ́n ń fi wáyà hun asẹ́ tà. Lọ́dún 1861 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Àríwá àti Gúúsù orílẹ̀-èdè náà, àwọn oníbàárà wọn ní Gúúsù bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjà kún ilẹ̀, kò sẹ́ni tó rà á. Ni wọ́n bá kun wáyà náà ní ọ̀dà kó má baà dípẹtà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn onílé kí wọ́n fi bo fèrèsé. Eṣinṣin àti kòkòrò ni wọ́n ń fi lé. Kò sí ẹni tó ń ronú ibà nínú wọn, nítorí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ibà.

Tóò, kí ni wọ́n rò pé ó ń fà á? Nílé tiwa, oòrùn ni. Bí kì í bá ṣe oòrùn, epo pupa ni. Bí kì í bá ṣe epo, wàhálà iṣẹ́ ni. Ẹ má fi àwọn ìyá wa ṣẹ̀sín o. Orúkọ tí àwọn òyìnbó fún ibà, "malaria," èdè Ítálì ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni atẹ́gùn burúkú. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi gbà pé òórùn irà ló ń pa èèyàn. Wọ́n á ti fèrèsé pa lálẹ́ kí òórùn má wọlé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sún mọ́ ọ̀nà tó! Bí wọ́n ṣe ti fèrèsé mọ́ òórùn, ẹ̀fọn náà kò ráyè wọlé.

Àìmọ̀ yìí pa wọ́n púpọ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1841, àwọn òyìnbó kó ọkọ̀ ojú omi wọ Odò Ọya. Ajayi Crowther wa wà nínú ìrìn àjò náà, kò tíì di bíṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Ibà dà wọ́n dùbúlẹ̀, àwọn tó kú nínú àwọn òyìnbó náà lé ní 40. Lọ́dún 1854, wọ́n tún padà wá. Dókítà Baikie ni olórí wọn, Crowther tún bá wọn lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Baikie ní kí wọ́n máa lo oògùn kíkorò tí wọ́n ń pè ní quinine déédéé, wọ́n lọ wọ́n bọ̀, ẹnì kan kò kú. Wọ́n ti rí oògùn. Wọn ò tíì rí ọ̀tá.

Ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lọ́dún 1880. Dókítà àwọn ọmọ ogun Faransé kan, Alphonse Laveran, ń wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ní Àlùjíríà, ó sì rí kòkòrò tíńtín tó ń rìn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹjọ ọdún 1897, Ronald Ross rí irú kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ìlú Secunderabad, ní Íńdíà. Lọ́dún 1898, Battista Grassi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé ẹ̀fọn kan pàtó, Anopheles, ló ń gbé ibà ọmọ èèyàn kiri. Abo rẹ̀ ló ń mu ẹ̀jẹ̀, òru ló sì sábà máa ń jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ọmọ aráyé. Ọ̀pọ̀ ò gbà. Ohun tó la ọ̀rọ̀ náà ni nẹ́ẹ̀tì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Ítálì lọ́dún 1900, àwọn dókítà méjì kan, Sambon àti Low, lọ ń gbé nínú ahéré kan lẹ́bàá Ostia, ní àgbègbè Róòmù, níbi tí ibà ti ń gbé èèyàn bí ẹní ń ṣa àgbàdo. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Lójúmọmọ wọ́n á jáde, òjò á pa wọ́n, wọ́n á fa "atẹ́gùn burúkú" náà símú yó. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, wọ́n á wọlé, wọ́n á tilẹ̀kùn. Láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹwàá, ibà kò ṣe wọ́n. Lọ́dún kan náà, Grassi lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Capaccio, ó dáàbò bo èèyàn 112 lọ́wọ́ ẹ̀fọn láti àṣálẹ́ títí di òwúrọ̀. Márùn-ún péré ni ibà mú nínú wọn. Àwọn 415 tí kò ní ààbò, gbogbo wọn ni ibà mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ọmọ asẹ́ lásán ni o!

Ibí gan-an ni ìtàn náà ti wọ ilé tiwa. Lọ́dún 1899, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William MacGregor di gómìnà Èkó. Ará Sìkọ́tíláǹdì ni, dókítà sì ni kó tó di gómìnà. Ó ní kí wọ́n pín quinine, kí wọ́n dí irà, kí wọ́n gbẹ́ ojú omi; ìyẹn ni Macgregor Canal tó wà láàárín Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí nígbà kan, kí wọ́n tó dí i. Àwọn ìyá wa náà kò jókòó. Lọ́dún 1901, àwọn obìnrin Èkó dá ẹgbẹ́ Ladies' League sílẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ nípa ìmọ́tótó, wọ́n sì ń pín oògùn.

Àmọ́ ìmọ̀ràn mìíràn ti wà nílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1900, àwọn onímọ̀ méjì, Stephens àti Christophers, wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì dé Èkó. Wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wa kún fún kòkòrò ibà. Òótọ́ ni. Kí ni wọ́n wá fi òótọ́ yìí ṣe? Wọn ò sọ pé kí a wo àwọn ọmọ náà sàn. Wọ́n ní kí àwọn òyìnbó kó ilé wọn jìnnà sí tiwa.

MacGregor kò gbà. Èrò tirẹ̀ ni pé ohun tí a bá máa ṣe, ká ṣe é fún dúdú àti funfun. Ṣùgbọ́n gómìnà kì í pẹ́ lórí àga. Ó kúrò ní Èkó lọ́dún 1904. Nígbà tí ìjọba dé ọwọ́ Lugard, òfin ìlú tọdún 1917 fi ẹsẹ̀ ìyapa náà múlẹ̀. Wọ́n ní kí pápá ṣófo wà láàárín ibùgbé òyìnbó àti ti ọmọ ìbílẹ̀, kí ìbú rẹ̀ tó 440 yáàdì, ìyẹn bí 400 mítà. Wọ́n rò pé ẹ̀fọn kò ní lè fò kọjá ibẹ̀. Irú àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ló di GRA tí a ń rìn kọjá lónìí, tí igi ń ṣíji bo títì.

Mo dúró lórí ojú ewé yẹn pẹ́. Ẹ ronú sí i ná. Àwọn òyìnbó tó sá fún wa yìí, ta ló ń se oúnjẹ fún wọn? Ta ló ń fọ aṣọ wọn? Ta ló ń gbé ọmọ wọn pọ̀n? Ẹ̀yìn ilé kan náà ni wọ́n kọ́ ilé sí fún àwọn ìránṣẹ́, ìyẹn BQ tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà títí dòní. Àbí ẹ̀fọn mọ BQ yàtọ̀ sí ilé ńlá? Ẹ̀fọn sì lè fò ju 400 mítà lọ dáadáa. Wọ́n ní nẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, wọ́n ti rí ẹ̀rí rẹ̀ ní Ítálì, síbẹ̀ wọ́n tún fi ilẹ̀ pààlà.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyí. Ọ̀nà méjì ló wà láti sá fún ibà. Nẹ́ẹ̀tì ń ya èèyàn kúrò lára ẹ̀fọn. Pápá ṣófo ń ya èèyàn kúrò lára èèyàn. Èkíní ṣiṣẹ́, ó sì ṣeé fún gbogbo ènìyàn. Èkejì ni ìjọba fi owó àti òfin tì lẹ́yìn.

Kí ni wọ́n wá fún àwa? Wọ́n fún wa ní wolé-wolé. Ìyá àgbà mi máa ń sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọkùnrin oníkakí á yọ lójijì, á wọ àgbàlá, á ṣí ìkòkò omi wò. Bó bá rí tanwíjí tó ń jó nínú omi, ó di ẹjọ́, ó di owó ìtanràn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ti kígbe "Wolé-wolé ń bọ̀!" gbogbo àdúgbò á máa da omi nù. Iṣẹ́ rere ni iṣẹ́ wọn, n kò bú wọn. Tanwíjí ni ẹ̀fọn ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pín: ẹnì kan gba ilé tó jìnnà, ẹnì kejì gba ẹjọ́.

Nísinsìnyí, kò sí òfin tó ní kí a má ta nẹ́ẹ̀tì fún wa. Lọ́dún 2000, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Àbújá wa níbí, wọ́n ṣèlérí pé nígbà tó bá fi máa di 2005, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà nínú ewu, pàápàá aboyún àti ọmọdé, á máa sùn sábẹ́ àwọ̀n olóògùn. Lọ́dún 2009, ìwé ìròyìn Lancet gbé iṣẹ́ ìwádìí kan láti Gáńbíà jáde. Wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn ilé kan, wọ́n sì dí òkè ògiri wọn. Nílé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń mú ẹ̀fọn onibà bíi 37 lálẹ́ kan. Nílé tó ní in, bíi 15. Àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ dín kù láti 19 nínú ọgọ́rùn-ún sí 12. Nígbà tí mo ka "ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀," mo pa ìwé náà dé. Mo rántí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ bàbá mi tó gbé kọ́ orí ibùsùn.

Lọ́dún 2022, ọdún tí àbúrò mi ṣàìsàn yẹn gan-an, àjọ ìlera àgbáyé ṣírò pé ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ibà ayé ló wà ní Nàìjíríà, àti ìdá 31 nínú àwọn tó kú. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, wọ́n fi Kebbi àti Bayelsa ṣáájú. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kò sí abẹ́rẹ́ tó ní ká ṣí ilé sílẹ̀ fún ẹ̀fọn.

Tóò, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe tún un ṣe, torí ó lè wúlò fún yín. Mo lọ sọ́jà, mo ra nẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ọ̀pá méjì. Ìyá tó ń tà á ní kí n na ojú rẹ̀ wò sí ìmọ́lẹ̀ kí n rí i pé ihò rẹ̀ dọ́gba. Mo dé ilé, mo fi ẹnu sikirudíráfà ká àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó di etí nẹ́ẹ̀tì mú, jẹ́jẹ́, kí wọ́n má baà kán. Mo fa àwọn ìṣó tó ti dípẹtà yọ. Nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ já lé mi lọ́wọ́, eruku bò mí. Mo nu férémù mọ́. Mo wọn tuntun, mo jẹ́ kó fi ìka mẹ́ta lé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òkè ni mo kọ́kọ́ kàn. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi bá mi di ìsàlẹ̀ mú, ó fà á le pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń mí gúlegúle nítorí ara rẹ̀ ò tíì le tán. Mo kan ìsàlẹ̀, mo kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo dá pákó padà lé e, mo fi abẹ gé èyí tó ṣẹ́kù. Wáyà eríàlì ńkọ́? Mo lu ihò kékeré sára férémù fún un, mo fi àtè dí etí rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń pè é ní ọ̀la.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Nẹ́ẹ̀tì ń dín atẹ́gùn kù, ooru ń pa wá ní hóstẹ́ẹ̀lì, iná ò sí. Òótọ́ ni, èmi náà ń làágùn. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ àwọn tó ń gba owó yàrá ni. Òótọ́ tún ni, ẹ jẹ́ ká máa bèèrè é lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò ní dúró de lẹ́tà wa. Bí ẹni mẹ́jọ nínú yàrá kan bá dáwó jọ, ọ̀pá mẹ́rin nẹ́ẹ̀tì kò ní pa wá lára. Nígbà kan, wọ́n fi 440 yáàdì ya èèyàn sọ́tọ̀ nítorí ibà. Ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò tó yáàdì márùn-ún.

Àbúrò mi ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo bá a níwájú fèrèsé pálọ̀, ó ń fi ìka tọ etí nẹ́ẹ̀tì láti igun dé igun. Mo ní kí ló ń wá. Ó ní, "Mo ń wò ó bóyá ó ti lu." Mo jókòó tì í, a jọ wò ó. Kò lu.